Ọjọ́ Orí Bátìrì àti Ẹ̀mí Kọ̀ǹpútà Alágbèéká

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún àgbéyẹ̀wò kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ó ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí a máa ń pè ní láptọ́ọ̀pù, ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tàbí tí ó fi ń kẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1981, tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ sí FUTA. Ó ku ọjọ́ 2 kí akẹ́kọ̀ọ́ yìí kó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lé olùkọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Bí òru ti ń jìn, iná mànàmáná lọ. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ó ń lò fi hàn án pé iná inú bátìrì ṣì ku ìdá 40 nínú 100, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó kọ ìpínrọ̀ kan tán, ojú ẹ̀rọ náà ṣókùnkùn, ohun tí ó ti kọ láti ìrọ̀lẹ́ sì bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo olùkọ́ kan ní ìlú Oǹdó. Kọ̀ǹpútà ni ó fi ń kọ àlàyé ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ àwọn ọmọ, òun náà ni ó fi ń ṣírò máàkì wọn ní ìparí sáà. Ó ti tó ọdún 2 tí kò yọ wáyà kúrò lára ẹ̀rọ náà, nítorí pé bí ó bá ti yọ ọ́, ẹ̀rọ yóò kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èrò kan náà ni olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yìí ní. Wọ́n gbà pé kọ̀ǹpútà àwọn ti gbó, pé kí àwọn máa wá owó òmíràn ni ó kù.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bèèrè ni pé, ṣé kọ̀ǹpútà ni ó gbó ni, tàbí bátìrì inú rẹ̀? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì gidigidi. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin gbé kalẹ̀ ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà, owó kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ó jẹ́ ojúlówó sì ju èyí lọ dáadáa. Ẹni tí ó bá sọ ẹ̀rọ tí ó ṣì lè ṣiṣẹ́ fún ọdún 4 nù nítorí bátìrì kan ṣoṣo, owó oṣù púpọ̀ ni ó sọ nù. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ ibi tí bátìrì ti wá. Ní ọdún 1800 ni Alessandro Volta, ará ilẹ̀ Ítálì, fi hàn pé bí a bá to oríṣi irin 2 léra wọn, tí a sì fi aṣọ tí a rẹ sínú omi iyọ̀ sí ààrin wọn, iná yóò jáde níbẹ̀. Ní ọdún 1859, Gaston Planté ti ilẹ̀ Faransé ṣe bátìrì olójé, èyí tí a lè gba iná sí padà nígbà tí ó bá tán. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni ó ṣì wà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ títí di òní. Ní ọdún 1899, Waldemar Jungner ti ilẹ̀ Swídìn ṣe irú tí a ń pè ní nickel-cadmium. Irú èyí àti àbúrò rẹ̀ kan ni a lò nínú àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká ìgbà àkọ́kọ́.

Irú tí ó wà nínú láptọ́ọ̀pù wa nísinsìnyí ni bátìrì lítíọ́mù. Stanley Whittingham ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ láàrin ọdún 1970 sí 1979. Ní ọdún 1980, John Goodenough àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ìwádìí ní Oxford rí ọ̀nà tí agbára rẹ̀ fi lè pọ̀ sí i. Akira Yoshino ti ilẹ̀ Japan ṣe èyí tí ó ṣeé gbé kiri láìséwu ní ọdún 1985, ilé-iṣẹ́ Sony sì gbé e dé ọjà ní ọdún 1991. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni wọ́n pín ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́místrì ní ọdún 2019. Ẹni ọdún 97 ni Goodenough nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ rí tí ó gba ẹ̀bùn náà.

Ìtàn yìí kì í ṣe àlọ́ lásán. Ohun tí ó yẹ kí a fà yọ níbẹ̀ ni pé bátìrì kì í ṣe oríṣi kan. Ìwà tí ọ̀kan ń hù kọ́ ni èkejì ń hù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni a fi ń pè wọ́n. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Àwọn àgbà tí ó lo rédíò alágbèéká rántí pé nígbà tí okùta bátìrì bá ti ń rẹ̀, wọ́n a kó o sí oòrùn, yóò sì tún kọrin fún wákàtí díẹ̀. Àwọn tí wọ́n lo bátìrì nickel-cadmium kọ́ àṣà mìíràn. Wọ́n a jẹ́ kí iná inú rẹ̀ tán pátápátá kí wọ́n tó gba òmíràn sí i, nítorí pé bátìrì náà a máa ṣe bí ẹni tí ó gbàgbé pé òun lè gbà ju ìdajì lọ. Àṣà 2 yìí bá ìgbà wọn mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé wọn lọ bá bátìrì lítíọ́mù, ńṣe ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Oòrùn lè ba bátìrì lítíọ́mù jẹ́, ó tilẹ̀ lè di ewu iná, bí a bá sì ń jẹ́ kí ó ṣófo pátápátá nígbà gbogbo, yóò tètè gbó.

Báwo wá ni bátìrì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́? A lè fi í wé ilé oníyàrá 2. Ògiri yàrá kan jẹ́ gíráfáìtì, irú èyí tí ó wà nínú lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń kọ̀wé. Ti èkejì jẹ́ àdàlù irin bíi kóbáàtì. Omi oògùn kan wà láàrin wọn. Nígbà tí a bá ń gba iná sí i, àwọn èérún lítíọ́mù a la omi náà kọjá lọ sínú yàrá gíráfáìtì. Nígbà tí a bá ń lò ó, wọ́n a padà sí yàrá kejì, ìrìn àjò wọn náà ni ó sì ń mú kí iná máa wá. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, díẹ̀ nínú wọn a máa há sí ojú ọ̀nà, ìpele kan bí ìpẹtà a sì máa nípọn sí i lára gíráfáìtì. Èyí tí ó bá há kò padà wá mọ́. Ìdí nìyí tí bátìrì tí a kò ṣe ohun burúkú kankan sí yóò fi máa dínkù díẹ̀díẹ̀. Gbígbó rẹ̀ dà bí gbígbó ènìyàn: a kò lè dá a dúró, ṣùgbọ́n ìtọ́jú lè mú kí ó pẹ́ kí ó tó dé.

Àwọn onímọ̀ máa ń ka ọjọ́ orí bátìrì ní ọ̀nà 2. Èkínní ni iye ọdún tí ó ti lò láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Èkejì ni iye ìgbà tí a ti lo odindi agbára rẹ̀ tán. Bí a bá lo ìdajì lónìí, tí a gba iná sí i, tí a tún lo ìdajì lọ́la, ẹ̀ẹ̀kan ni àwọn méjèèjì jẹ́ lápapọ̀. Bátìrì láptọ́ọ̀pù tí ó wọ́pọ̀ a máa lo nǹkan bí ìgbà 300 sí 500 kí agbára rẹ̀ tó wálẹ̀ sí ìdá 80 nínú 100 ti ìgbà tí ó wà ní titun. Àwọn mìíràn tí a ṣe lọ́nà tí ó dára jù a máa dé 1,000. Ẹni tí ó bá ń lò ó tán lẹ́ẹ̀kan lójoojúmọ́ yóò pé ìgbà 500 ní bí ọdún kan ààbọ̀.

Ọ̀tá 3 ni ó ń mú kí ọjọ́ náà yá kánkán. Ọ̀tá àkọ́kọ́ ni ooru. Èkejì ni kí bátìrì kún dẹ́múdẹ́mú kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀kẹta ni kí ó ṣófo pátápátá kí a sì gbé e jù síbì kan. Ìṣirò kan tí àwọn onímọ̀ bátìrì máa ń tọ́ka sí fi bí ọ̀tá 2 àkọ́kọ́ ti lágbára tó hàn. Bí a bá tọ́jú bátìrì lítíọ́mù sí ibi tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí iná inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 40, yóò pàdánù nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 agbára rẹ̀ láàrin ọdún kan. Bí ó bá kún dẹ́múdẹ́mú níbẹ̀ kan náà, yóò pàdánù nǹkan bí ìdá 20. Ṣùgbọ́n bí ó bá kún, tí ìgbóná sì jẹ́ ìwọ̀n 40, yóò pàdánù nǹkan bí ìdá 35. Bí ooru àti kíkún bá pàdé, ìparun ti dé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìṣirò yìí wá sí ilé. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, nínú oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, ìgbóná ọ̀sán a máa kọjá ìwọ̀n 30 dáadáa. Inú ọkọ̀ tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa sínú oòrùn a máa gbóná ju ìta lọ fíìfíì. Olùkọ́ tí ó bá fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò parí ti fi bátìrì sínú ààrò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbé e lórí tìmùtìmù tàbí lórí ibùsùn ń dí ihò tí ẹ̀rọ náà fi ń mí. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa kún inú fáànù rẹ̀, ooru kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Tábìlì lásán ni ibùjókòó tí ó bá kọ̀ǹpútà mu jù lọ, ó sì yẹ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ máa bá a gbọn eruku inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kì í yọ wáyà kúrò, wọ́n sì ní ìdí. Iná mànàmáná tí BEDC ń pín kì í wà nígbà gbogbo, kò sì sí ẹni tí ó mọ wákàtí tí yóò lọ. Nígbà tí ó bá dé, oníkálukú a fẹ́ gba iná kún ohun gbogbo. Ìwà ọlọ́gbọ́n ni èyí, a kò sì lè bá ẹnikẹ́ni wí lórí rẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé iná yóò pọ̀ jù nínú bátìrì tí kò fi ní bẹ́. Ìbẹ̀rù yẹn kò tọ̀nà, nítorí pé ohun kan wà nínú ẹ̀rọ tí ó ń pa ìlẹ̀kùn dé nígbà tí bátìrì bá kún. Ohun tí ó ń bà á jẹ́ ni pé ó wà ní kíkún fún oṣù àti ọdún, tí ooru ẹ̀rọ sì ń bá a jà nísàlẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí olùkọ́ ìlú Oǹdó nìyẹn.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí a ṣe láìpẹ́ yìí, a lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kí ó dá gbígba iná dúró ní ìdá 80. Ẹni tí ó máa ń wà nídìí iná lọ́pọ̀ ìgbà kò ní pàdánù ohun púpọ̀ bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní irú àyè yìí lè máa yọ wáyà nígbà tí ó bá kún, kí ó lò ó títí yóò fi kù bí ìdá 30, kí ó tó fi wáyà padà. Bí a bá fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní àkókò ìsinmi gígùn, kí a fi í sílẹ̀ ní ìdajì, ní ibi tí ó tutù. Ní ti iná ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí ń lọ sókè sódò, ẹ wo ara ṣájà: lórí èyí tí ó pọ̀ jù, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè gba iná láti fóòtì 100 sí 240. Iná tí ó bá ré kọjá èyí lè sun ṣájà, nítorí náà sítábíláísà tí ó dára kò burú nínú ilé.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá bátìrì ti gbó? Kò sí ìdí láti lọ bèèrè lọ́wọ́ babaláwo. Lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Windows, ẹ ṣí ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Ẹ̀rọ yóò kọ ìròyìn kan sílẹ̀, yóò sì sọ ibi tí ó tọ́jú rẹ̀ sí. Nínú ìròyìn náà ni ẹ ó ti rí iye 2: èkínní ni agbára tí bátìrì ní nígbà tí wọ́n ṣe é, èkejì ni èyí tí ó lè gbà nísinsìnyí nígbà tí ó bá kún. Bí èkínní bá jẹ́ 48,000, tí èkejì sì jẹ́ 30,000, ó túmọ̀ sí pé ìdá 62 àti ààbọ̀ nínú 100 ni ó kù. Bí ó bá ti kéré sí ìdajì, ó tó àkókò láti pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ìṣirò lè sọ èyí di iṣẹ́ kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe é fún ẹ̀rọ ara rẹ̀.

Ìṣirò yìí náà ni ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ra tòkunbọ̀ béèrè fún kí ó tó sanwó, ìbáà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí ó wà ní àyíká FUTA, ìbáà jẹ́ ní Oǹdó lẹ́bàá ilé-ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ sí Adéyẹmí College of Education tẹ́lẹ̀, tí ó ti di yunifásítì báyìí. Ara tí ń dán kì í sọ ọjọ́ orí bátìrì. Ojú kò sì gbọdọ̀ ti ẹni tí ń rajà láti yẹ ọjà wò.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Àkúrẹ́. Kí ni ìdí tí ẹ̀rọ tí ó sọ pé ó ku ìdá 40 fi kú lójijì? Bátìrì láptọ́ọ̀pù kì í ṣe ẹyọ kan; ẹyọ púpọ̀ ni a so pọ̀ sínú àpò kan. Bí ẹyọ kan bá rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, òun ni yóò fa gbogbo wọn lulẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìdá tí a ń rí lójú ẹ̀rọ kì í ṣe ohun tí a wọ̀n bí ẹni wọn gàrí, àfojúbù ni. Bí bátìrì bá ti ń dàgbà, àfojúbù náà a máa ṣàṣìṣe. Bí a bá jẹ́ kí iná rẹ̀ lọ sílẹ̀ títí tí ẹ̀rọ yóò fi sùn fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní bí oṣù 3, tí a sì gba iná kún un, òǹkà náà lè tún tọ̀nà. Èyí kò lòdì sí ohun tí a ti sọ ṣáájú. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, kì í ṣe ojoojúmọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹni tí ń kọ iṣẹ́ pàtàkì máa tọ́jú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí ó sì ní ẹ̀dà kejì sí ibòmíràn.

Nígbà tí a bá ti mọ̀ pé bátìrì ni ó gbó, a ó rí i pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lè ṣì ní ọjọ́ púpọ̀ láyé. Bí a bá fi bátìrì titun sí i, tí a sì pààrọ̀ ibi ìkópamọ́ onígbà àtijọ́ tí ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù sí irú SSD, ẹ̀rọ ọdún 8 lè máa yára tó bẹ́ẹ̀ tí yóò ya oní-nǹkan lẹ́nu. Ìṣòro kan wà tí a kò lè fi pamọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún Windows 10 dúró, Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a ṣe ṣáájú ọdún 2018. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ètò ọ̀fẹ́ bíi Linux Mint ń ṣiṣẹ́ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó sì tó fún ìwé kíkọ, ìṣirò àti kíka ìwé.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù. Bí ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà bá wú, tí pátákó ìtẹ̀wé rẹ̀ sì ń gbé sókè, afẹ́fẹ́ ni ó ti kún inú bátìrì. Kí a má ṣe gún un, kí a má ṣe tẹ̀ ẹ́, kí a má sì gba iná sí i mọ́. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni kí ó yọ ọ́. Bátìrì ayédèrú olówó pọ́ọ́kú náà kò dára, nítorí pé owó tí a rò pé a jẹ lérè lè di iná nínú ilé. Kí a má sì ju òkú bátìrì sórí ààtàn tí a ń dáná sun. Ní ọdún 1988, gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó pariwo nígbà tí a rí i pé wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti ilẹ̀ Ítálì wá sí Kókó, ní ibi tí ó di Ìpínlẹ̀ Delta. Kò ní bójú mu kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe sí ilẹ̀ Àkúrẹ́ àti Oǹdó ohun tí a bá àlejò jà lé lórí.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àjọ Yúróòpù ti ṣe òfin kan ní ọdún 2023 pé láti oṣù Èrèlé ọdún 2027, ó gbọdọ̀ rọrùn fún ẹni tí ó ni ẹ̀rọ láti yọ bátìrì rẹ̀ kí ó sì fi òmíràn sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti ń wá. Bí òfin náà bá fìdí múlẹ̀, èrè rẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ wa bí ọdún ti ń gorí ọdún. Kí ó tó dé, ọwọ́ oníkálukú ni ìtọ́jú wà. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bá lè ya ọ̀sán ọjọ́ kan sọ́tọ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ bá àwọn olùkọ́ yẹ bátìrì wọn wò, kí wọ́n sì gbọn eruku inú ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ owó ni kò ní ṣòfò, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ òru ni kò sì ní sọnù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.